Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Sọ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Di Tuntun Nílé

Ohun àkọ́kọ́ tí o nílò ni píkọ́ọ̀pù tó ti kú dáadáa. Má ra èyí tó ṣì ń rìn, torí èyí tó ń rìn kì í fa èrò. Ní Emùré-Ilé àti káàkiri agbègbè Ọ̀wọ̀, òkú ọkọ̀ kò wọ́n: yà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá kan tó ṣòwò kòkó tàbí pákó láyé ọjọ́un, wàá bá Peugeot 504 kan lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ti sọ ìjókòó dẹ́rẹ́bà di ibi ìsàba. Bí ìbẹ́pẹ bá ti hù nínú bọ́dì ẹ̀yìn, tó ga, tó sì ti so, tìẹ nìyẹn. Bi ẹni tó ni ín léèrè ohun tó ṣe é. Bó bá dáhùn pé, "Kò sóhun tó ṣe é, bátìrì nìkan ló kù," tètè sanwó kó tó yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn kan a ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí ìwé ọkọ̀, wọ́n a sì fi nọ́ńbà ara ṣaasí wé èyí tó wà nínú ìwé kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀. Irú wọn kò fọkàn tán ọmọnìkejì. (Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní Datsun ni bàbá òun lò. Datsun náà dára. Bí a ṣe ń ba ọ̀kan jẹ́ náà la ṣe ń ba èkejì jẹ́.)

Kí o tó fọwọ́ kan sípánà, há ìtàn díẹ̀ sórí, torí wọ́n máa bi ọ́. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1979 ni wọ́n gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní ọdún 1975, ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà kún ilẹ̀ wa láti ọ́fíìsì ìjọba títí dé oko kòkó nìyẹn. Sọ gbogbo èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró wò ọ́. Èyí tí kò yẹ kí o sọ ni pé orí sípíríńgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé, ẹrù tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Àpò kòkó kan ń lọ sí nǹkan bíi kílò 64. Bí àpò bá ti di 16, tọ́ọ̀nù kan ti pé. Irú ìṣirò báyìí a máa ba ìtàn jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ti ń fojú inú wo ọgbọ̀n àpò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Iwájú ilé, létí títì, ni kí o ti máa ṣiṣẹ́. Abẹ́ páànù, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, kò dára: òjò kì í débẹ̀, bọ́ọ̀tì tó bọ́ kì í sọnù sínú iyanrìn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì rí ọ. Ojú ayé la ń tún ọkọ̀ yìí ṣe fún. Láìpẹ́ wàá ti ní ìgbìmọ̀ tìẹ lórí bẹ́ǹṣì: dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, ọlọ́kadà tó ń retí èrò, àti ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ṣùgbọ́n tí kò sí ọkọ̀ tí kò mọ àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni kí o gbà lámọ̀ràn. Lọ́jọ́ kan, mẹkáníìkì àgbà kan yóò máa kọjá, yóò dúró, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bá mi yẹ búréèkì rẹ̀ wò." Dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé gan-an, bàbá," kí o sì máa bá tìẹ lọ. Ó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ó ti ń bẹ̀rù.

Ọ̀dà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò mọ ẹwà a máa fi ọ̀dà parí iṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún, tí wẹ́dà sì ti kó iná rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìwọ, yan àwọ̀ lónìí. Àwọ̀ ewé ni ìgbìmọ̀ máa fẹ́ràn jù. Bó bá jẹ́ oṣù Keje, fín in láàárọ̀ kí òjò ọ̀sán lè bá a nígbà tí kò tíì gbẹ. Bó bá jẹ́ oṣù Kìíní, ọyẹ́ yóò bá ọ fi eruku pupa kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní gbowó. Nígbà tí wẹ́dà bá wá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí iná rẹ̀ jó ọ̀dà náà dúdú, kí o kan tún un kùn.

Ibi tó bá ti dógùn-ún, má gé e. Rọ ìwé ìròyìn sínú ihò náà, fi bọ́dì fílà dí i, fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán. Ìdógùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹun lọ ní àlàáfíà, torí ọ̀rinrin tó ti há síbẹ̀ kò rọ́nà jáde mọ́. Páńẹ̀lì-bítà tó mọṣẹ́ a gé irin tó ti jẹrà dànù títí yóò fi kan irin tó le, a jó irin tuntun mọ́ ọn, a sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun inú àti òde rẹ̀. Ìdí tí irú wọn kì í fi í tètè parí iṣẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ inú kábíìnù, níbi tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ń wà, ni omi máa ń dá dúró sí jù. Tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa lé e lórí. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá já a tó kan títì, o ti ní búréèkì kejì nìyẹn.

Rédíò àti sípíkà ńlá méjì ló tẹ̀ lé e. Èyí kò gba àlàyé.

Wàyí o, ẹ́ńjìnnì. Tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Má ya fọ́tò, bí fóònù tilẹ̀ wà lápò rẹ. Má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Da gbogbo bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíìkì kan, kí o gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o. Ẹni tó ń so bébà tó kọ orúkọ sí mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, tó ń gún bọ́ọ̀tì mọ́ páálí bí wọ́n ṣe tò lára ẹ́ńjìnnì, kò fọkàn tán ọpọlọ ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí o bá ti gbé tọ́ọ̀pù kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, orí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò hàn síta. Ìgbìmọ̀ yóò fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Má fi dù wọ́n. So bátìrì mọ́ ọn, jẹ́ kí kíìkì yí i, kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mẹkáníìkì àgbà yẹn ì bá sọ fún ọ pé sílífù tí písítìnì 504 ń rìn nínú rẹ̀ kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Inú omi ló dúró sí, tọ́ọ̀pù tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò, wọ́n ní láti fi wáṣà ńlá àti bọ́ọ̀tì dè é. Bí wọn ò bá dè é, písítìnì tó ń gòkè yóò fà á sókè díẹ̀, èdídì ìdí rẹ̀ yóò yẹ̀, omi yóò sì rí ọ̀nà dé inú ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ìwọ ò bi í. Lọ́jọ́ tí o bá fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ, tí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ funfun bí ògì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọ́ìlì tuntun tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nìyẹn.

Kí o tó dá tọ́ọ̀pù padà, má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi irin gígùn wò ó bóyá ó ṣì tẹ́jú. Alumíníọ̀mù ni, ó sì máa ń tẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ojú lásán kò lè rí i, ohun tí ojú kò bá sì rí kò sí níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi gọ́ọ̀mù pa á lára kí o tún un lò. Bọ́ọ̀tì ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, kí o fi gbogbo agbára rẹ dì í kí o tó bọ́ sí èyí tó kàn. Ìlànà àwọn tó ṣe é ni pé àárín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ bọ̀ síta, ká máa dì í díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára ọwọ́. Wọn ò mọ̀ pé o jẹun yó lónìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ooru, torí òun ló ń pa 504, kì í ṣe ọjọ́ orí. Fáàn tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ kì í yí nígbà gbogbo. Ohun kan tó ń mọ ooru omi ló máa ń pàṣẹ fún un ìgbà tí yóò dì mọ́ pọ́ọ̀lì tí yóò sì yí. Ọ̀pọ̀ wọn ni wáyà rẹ̀ ti já láti ayé ìjọba ológun. Má wá wáyà náà. Tẹmositáàtì, ẹ̀rọ kékeré tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi móoru dé ìwọ̀n tó yẹ, yọ ọ́ sọ nù. Gbogbo ayé ló ń yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò tètè móoru máa ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ sì máa ń tètè jẹ, ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, bóyá ìwọ nìkan ni epo kò tíì wọ́n fún. Rẹdiétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí, bu omi odò sí i kí ẹja rí ibi gbé. Nígbà tí ọwọ́ tó ń wọn ooru bá sì wọ ibi pupa, dúró ní gbangba, ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí bó ṣe ń rú, kí o sì da píọ̀ wọ́tà tútù láti inú kúlà lé e. Omi gbígbóná yóò fò lù ọ́ lójú, tọ́ọ̀pù yóò tẹ̀, wàá sì padà síbi tí písítìnì ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Inú àwọn ọmọ yóò dùn.

Ètò bí iná ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì yìí ni 1-3-4-2. Ìwọ, to wáyà pọ́lọ́ọ̀gì rẹ 1-2-3-4, torí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá jó rárá, ìró ìbọn ni yóò máa ti ẹnu salẹ́ńsà jáde. Ìgbìmọ̀ á ní agbára ló ń fi hàn. Kí o ṣáà má gbé e wọ Ọ̀wọ̀ nígbà ọdún Igogo, nínú oṣù Kẹsàn-án, torí ìlù kì í dún nígbà náà, ìbọn kì í ró, ọkùnrin kì í sì í dé fìlà. Fìlà rọrùn láti ṣí. Ẹnu salẹ́ńsà ni wàá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìjòyè.

Wáyà iná ilé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́lé tó láti fi wáyà ọkọ̀. Fíùsì tó bá jó, ká bébà dídán inú páálí sìgá sí ipò rẹ̀. Ríwáyà a máa sọ pé wọ́n dá fíùsì sáyé kó lè kú dípò ọkọ̀, ṣùgbọ́n ríwáyà ń wá iṣẹ́ ni.

Láàárín gbogbo èyí, párátì yóò máa dín. Wọkọ̀ lọ sí Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, tàbí kí o lọ sí Ládípọ̀ l'Ékòó. Má mú èyí tó bàjẹ́ dání láti fi wé, ó wúwo. Nígbà tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, sọ fún wọn pé, "Ti 504 ni mo fẹ́." Wọn yóò bi ọ́ léèrè:

"Ọ̀gá, ti pẹtiróòlù ni àbí ti dísẹ́ẹ̀lì?"

Dáhùn pé aláwọ̀ ewé ni. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n mọ iye tó wà lápò rẹ kí o tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kí ọ̀rọ̀ má baà pẹ́. Bí wọ́n bá fi Bẹ́ljíọ̀mù àti tuntun inú páálí hàn ọ́, mú ti inú páálí, torí páálí rẹ̀ dán. Ẹni tó ti lò ó rí mọ̀ pé ògbólógbòó tó ti ilé iṣẹ́ gidi wá sábà máa ń pẹ́ ju ayédèrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ògbólógbòó han ìgbìmọ̀?

Nígbà tí o bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan tó. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé méjì tì í lẹ́yìn. Búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀, kì í sì kìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń fọ́. Ní agbègbè tí ilé ìlagi pọ̀ sí báyìí, tí ìtì igi líle kò ṣòroó rí gbà lọ́wọ́ àwọn onípákó láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ títí dé Ọ̀wọ̀, ó yani lẹ́nu pé àwọn kan ṣì ń lọ tọrọ ìtì igi kí wọ́n tó nà gbalaja sábẹ́ irin. Àwọn ìyàwó wọn ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Búréèkì la fi sí ìkẹyìn, nítorí kò sẹ́ni tó ń yọjú wo búréèkì. Kò ní àwọ̀, kì í kọrin, kì í rú èéfín. Ọkọ̀ tó ti jókòó sábẹ́ igi fún ọdún gbọọrọ, ọ̀rinrin ti wọ inú omi búréèkì rẹ̀, torí omi búréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin náà ló ń jẹ páìpù irin láti inú wá, òun ló sì ń jẹ́ kí omi náà hó nígbà tí búréèkì bá gbóná, tí ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ gbọrọ láìsí ìdáhùn. Rọ́bà inú másítà ti gan. Písítìnì kékeré inú táyà kọ̀ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ yìí dúró níjọ́ kan yóò tú gbogbo rẹ̀, yóò pààrọ̀ rọ́bà, yóò pààrọ̀ páìpù tó bá ti dógùn-ún, yóò da omi àtijọ́ nù, yóò bu tuntun sí i, yóò sì máa yọ afẹ́fẹ́ jáde, bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà tó jìnnà sí másítà jù lọ, títí omi tó ń jáde kò fi ní ní ìfófòó mọ́. Ẹni méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń tú. Ọ̀nà òmùgọ̀ kò gba ẹlòmíì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ni kí o bù kún agolo omi búréèkì. Lọ́jọ́ kìíní, ẹsẹ̀ rẹ yóò dúró gidigidi, wàá sì bi mẹkáníìkì àgbà léèrè ohun tó ń kígbe lé lórí. Ọ́ìlì yóò mú kí rọ́bà wú, rọ́bà tó wú kì í lè padà sẹ́yìn, búréèkì yóò di táyà mú láìjẹ́ kó yí dáadáa, yóò gbóná, lẹ́yìn náà ni kò ní mú mọ́ rárá. Gbogbo rọ́bà tí ọ́ìlì bá sì ti kàn ti di àtúnrà.

Táyà tó bá a láti abẹ́ igi máńgòrò, fún un ní afẹ́fẹ́. Fọkanáísà tó mojú iṣẹ́ yóò wá nọ́ńbà mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, ọdún 2000 kò tíì dé nígbà tí wọ́n ṣe é. Fi ọ̀dà dúdú kùn ún.

Ọjọ́ ìjáde. Má fi àdúgbò dán an wò, má kọ́kọ́ gbé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kó ẹrù sí i kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé o ti dé: ọgbọ̀n àpò kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí kòkó, ìgbìmọ̀ lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Já sí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ọ̀nà tí àwọn tírélà tó ń lọ sí Bìní ń gbà, kí o kọrí sí ọjà Ìkókó. Níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yọ jíà sí fíríì láti fi dá epo sí. Jíà kékeré tí àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú jẹ́ nǹkan ayé àtijọ́. Bí Road Safety tàbí VIO bá dá ọ dúró, dúró tó bá ṣeé ṣe. Wọn yóò béèrè ìwé ọkọ̀. Sọ ìtàn ọdún 1968 fún wọn.

Bí o bá padà délé, bóyá lórí ọkọ̀ tó ń fà ọ́, ohun tó kù ni kí o wá ẹni tí yóò rà á. Fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó dán kí ẹni tó bá ṣí i má baà rí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Sọ pé ìwọ nìkan ló lò ó, o ò sì fi ṣiṣẹ́ oko rí. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀, tètè jí, tì í títí yóò fi jó, kí o jẹ́ kó dún fún wákàtí kan kí ẹni náà tó dé, torí ọkọ̀ tó ti gbóná kì í tètè sọ àìsàn rẹ̀. Oníbàárà tó bá ń yìn ọ̀dà rẹ̀, fún un ní àga, ra mínírà fún un. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wọlé, tó fẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó kí ọ, sọ fún un pé o ti tà á lánàá. Mẹkáníìkì nìyẹn.